Ohun Tí Téèpù Rí Tí Sikéèlì Kò Rí

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́, ó ti di ọdún kẹrìnlá báyìí. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Mo mọ ìbàdí ìdajì àwọn obìnrin àdúgbò wa, mo mọ ẹni tí àyà rẹ̀ fi ínṣì méjì tóbi sí i lẹ́yìn tó bímọ, mo sì mọ ẹni tó máa ń fa ikùn sínú bó bá ti rí i pé mo na téèpù. Tèmi ńkọ́? Odindi ọdún mẹ́ta ni mi ò fi téèpù yí ara mi ká. Bí mo bá fẹ́ rán aṣọ fún ara mi, bùbú ni. Bùbú kì í béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Sikéèlì ni mò ń gùn ní tèmi. Mo gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá, àràárọ̀ ni mo sì ń gùn ún bí ẹni tó ń lọ jẹ́jọ́ ní kóòtù. Ohun tó bá sọ ni inú mi máa ń bá yí títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Bó bá lọ sókè, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló máa jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí PCOS, àìsàn họ́mọ̀nù obìnrin tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà yẹn, ti bẹ̀rẹ̀ lára mi. Nǹkan oṣù mi kò fìgbà kan rí bí ti àwọn ẹgbẹ́ mi. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ó lè wá ní January kó má tún yọjú mọ́ títí di April. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti àǹtí òun ṣe rí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìgbà tí mo wọ ilé ọkọ ló di wàhálà. Bó bá ti fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́, ayọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀, màá sáré lọ sí kẹ́míìsì lọ ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, ilà kan ṣoṣo ni yóò fà. Ọdún kan wà tí mo ra mọ́kànlá. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé inú páálí òwú kan ni mò ń kó wọn sí. Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Irùngbọ̀n náà dé. Kì í ṣe irun méjì mẹ́ta tí èèyàn ń fi ìkáná tu, irùngbọ̀n gidi ni. Mo máa ń jí ṣáájú ọkọ mi kí n lè fi réésà fá a ní balùwẹ̀. Àwọn oníbàárà tó bá rí i máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin onírùngbọ̀n kì í tálákà. Owó yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi o. Ẹ̀yìn ọrùn mi ló wá burú jù. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì rí bí aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Ìdọ̀tí ni mo pè é. Mo fi kànrìnkàn ha á, mo fi ọṣẹ dúdú ha á, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha á títí tí ara fi bó. Lójú mi, ọ̀bùn ni mo jẹ́ láìmọ̀, èmi tí mò ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ara ń fi ọrùn sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo jókòó láti aago méje títí di aago kan, dókítà sì rí mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kò béèrè ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Mádàámú, ẹ sanra jù. Ẹ lọ fọn ná kí ẹ tó padà wá. Kílò márùnlélọ́gọ́ta ló yẹ yín." Kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni mo wà lọ́jọ́ náà. Kò sọ bí mo ṣe máa fọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni ọpẹ́ tí mo dá yẹn.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Ìyá alágbo kan ní inú mi gbóná, mo mu agbo oṣù méjì. Wọ́n tún ta tíì kan fún mi tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá. Ọ̀rá kọ́ ló ń yọ́, ìgbẹ́ gbuuru ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ni mo fi jẹ ọsàn àti ìbẹ́pẹ nìkan. Lóòótọ́ ni mo dín kílò méje láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, gbogbo ayé sì ń kí mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òòyì kọ́ mi lórí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ gún mi ní ìka, mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí léèsì oníléèsì. Mo padà sí ẹ̀bà. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, kílò méje náà ti padà wá. Nǹkan oṣù kò yọjú ní gbogbo àkókò yẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Ìkòròdú ló fi ipá mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìkẹjà. A gba Ìtóìkín, a wọ ọkọ̀ méjì, mo ń kùn ní gbogbo ọ̀nà pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ti bàjẹ́. Obìnrin ni dókítà tó rí mi. Òun ló kọ́kọ́ dárúkọ PCOS. Ó ní nǹkan mẹ́ta ni àwọn ń wò, bí méjì bá pé, ó ti tó, lẹ́yìn tí àwọn bá ti rí i pé kì í ṣe àìsàn míì: kí nǹkan oṣù máa ségesège, kí họ́mọ̀nù ọkùnrin pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kó hàn lára bí irùngbọ̀n, kí sikáànù sì fi hàn pé àpò ẹyin kéékèèké pọ̀ jù nínú ilé-ẹyin. Èmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n fún mi ní omi ṣúgà mu, ṣúgà gíráàmù 75, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́yìn wákàtí méjì. 8.9 mmol/L ni. Bó bá ti dé 7.8, ara ti ń kìlọ̀. Bó bá dé 11.1, àtọ̀gbẹ ti wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí.

Mo bi dókítà bóyá èmi nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti 1935 ni dókítà méjì ní Chicago, Stein àti Leventhal, ti kọ̀wé nípa obìnrin méje tó ní irú rẹ̀, àti pé àjọ ìlera àgbáyé fojú bù ú pé obìnrin mẹ́wàá sí mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní in, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Mo ronú kan ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí. Igba obìnrin ló wà nínú ìwé yẹn, a jẹ́ pé ogún ó lé nínú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ọrùn tí mo ti fi téèpù yí.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló là mí lóye. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé o máa ń dé ọjà ẹja Olúwo?" Mo ní, "Ilé ẹlẹ́ja ni wọ́n bí mi sí, mà." Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọkọ̀ ojú omi jáde, kí n fi ínsúlínì ṣe alábàárù tó ń rù ú lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó máa rà á. Ẹran itan, ẹran ìdí, ẹran ẹ̀yìn, àwọn ni ṣọ́ọ̀bù tó tóbi jù. Lára tèmi, àwọn oníṣọ́ọ̀bù yìí kì í tètè ṣílẹ̀kùn. Alábàárù kan á kanlẹ̀kùn títí. Ara á tún rán méjì sí i, á rán mẹ́wàá. Ẹja á wọlé nígbẹ̀yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo èrò alábàárù tó kún ọjà! Wọ́n á ya wọ ìsọ̀ onísọ̀. Ìsọ̀ tí wọ́n ń ya wọ̀ yẹn ni ilé-ẹyin. Ínsúlínì tó pọ̀ jù yìí ló ń tì í ṣe họ́mọ̀nù ọkùnrin ju bó ti yẹ lọ. Irùngbọ̀n á hù, ẹyin tó yẹ kó gbó kó sì jáde lóṣooṣù á dúró sí kékeré, òmíràn á tún wá bá a níbẹ̀. Àwọn kéékèèké tó kó jọ yìí ni sikáànù ń rí. Kì í ṣe kókó, kì í sì í ṣe ohun tí a ń gé kúrò. Ínsúlínì kan náà ló kun ẹ̀yìn ọrùn mi dúdú, òun náà ló tún ń jẹ́ kí ara máa fi ọ̀rá pamọ́ síkùn.

"Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

Ó ní ẹran ara ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bí èèyàn bá ń rìn kíákíá, bó bá ń gbé nǹkan tó wúwo, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á ṣí, oníṣọ́ọ̀bù á jáde wá gbé ẹja fúnra rẹ̀, kò ní dúró de alábàárù. Bí èèyàn bá ti jókòó tán pàápàá, ilẹ̀kùn iwájú á ṣì rọrùn í ṣí fún ọjọ́ kan, nígbà mìíràn méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún padà sí bó ṣe wà. "Nítorí náà," ó ní, "má jẹ́ kí ọjọ́ méjì tẹ̀ lé ara wọn kó o má ṣe nǹkan kan."

Mo bi í pé kílò mélòó ni kí n dín. Ó ní, "Máa rìn ná." Mo rò pé kò gbọ́ mi, mo tún un béèrè. Ó wá jókòó tì mí, ó ní àwọn onímọ̀ àgbáyé tún ìlànà lórí àìsàn yìí ṣe ní 2023, ohun tí wọ́n sì sọ níbẹ̀ ni pé kí obìnrin máa ṣe tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kó sì fi ọjọ́ méjì tí kò tẹ̀ lé ara wọn ṣe iṣẹ́ tó ń mú ẹran ara le. Ẹni tó bá fẹ́ fọn ní dandan, kó sún un dé 250. Wọ́n sì sọ pé ìdárayá ní àǹfààní tirẹ̀ fún ara bí sikéèlì kò tiẹ̀ mì rárá. Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn, mi ò gbà á gbọ́. Báwo ni kò ṣe ní mì, kó sì jẹ́ àǹfààní?

Ó tún béèrè bí mo ṣe ń sùn, bóyá mo máa ń sunkún láìnídìí. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sunkún níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kírun àsùbá, mo wọ ṣòkòtò dúdú kan tí mo rán lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo bọ́ síta. Ìtìjú bò mí mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo pinnu, láti ilé wa dé etí ọ̀sà. Kí n tó dé Marina, ọlọ́kadà mẹ́ta ti dúró: "Àǹtí, ibo lẹ̀ ń lọ? Ẹ mú owó wá, ẹ jẹ́ ká lọ." Ní ìlú wa, obìnrin tó sanra tó ń rìn kíákíá láàárọ̀ kùtù, ó ní ibi tó ń lọ, ẹni rẹ̀ kan ló wà lọ́sibítù tàbí gbèsè ń lé e. Ìyá ọkọ mi rí mi nígbà tí mò ń bọ̀, Àlájà dúró sẹ́nu géètì, ó di ìró rẹ̀ mú. "Ìyàwó mi, ta ló ń lé ọ?" Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kò sẹ́nikẹ́ni, mà, dókítà ló ní kí n máa rìn. Wọ́n ní dókítà wo ló ń rán èèyàn níṣẹ́ ẹsẹ̀.

Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Mo sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún mo ti ń rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, 150 náà nìyẹn. Ìrìn wo? Ìrìn tí èèyàn lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin. Ìwọ̀n tí mo fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bí mo bá ṣì lè kọ orin wákà délẹ̀, mo ti ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí mo dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń pa ẹja tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé dé, wọ́n ti mọ̀ mí, wọ́n á ní, "Télọ̀, o ti dé!" Ọ̀kan nínú wọn ní kí n wá bá òun gbé agbọ̀n dípò kí n máa rìn lásán. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó rí ohun tí nọ́ọ̀sì rí.

Nítorí ti gbígbé nǹkan yẹn, ilé ni mo ti ń ṣe é, Monday àti Thursday. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá méjì tó kún fún omi, ọwọ́ kan ọ̀kan, mo ń gbé wọn láti ẹnu kànga dé ilé ìdáná, mo ń gbé wọn padà. Ìjókòó máṣíìnì, mo ń jókòó lé e, mo ń dìde láì fọwọ́ ti nǹkan kan, ìgbà mẹ́wàá, kí n sinmi, ìgbà mẹ́wàá, kí n tún sinmi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gun àtẹ̀gùn. Mo tiẹ̀ bi nọ́ọ̀sì bóyá máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí mò ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè dípò gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ó sàn ju kí èèyàn jókòó bí àpótí lọ, ṣùgbọ́n ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́, kí ló ti ṣe fún mi? Ó ní kí n máa dìde lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n sì rìn díẹ̀ bí mo bá ti jẹun tán. Mo gbé tábìlì ìgéṣọ sókè, ìdúró ni mo ń gé aṣọ báyìí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gùn lẹ́nu mi. Mo dín ẹ̀bà kù sí ìdajì, mo jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ ju òkèlè lọ, mo fi mínírà sílẹ̀. Kò sí oúnjẹ tí mo sọ di èèwọ̀, àní ìkókoré. Ìlànà kan náà yẹn sọ pé kò tíì sí oúnjẹ kan pàtó tó dáa ju òmíràn lọ fún PCOS, nítorí náà mi ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá ní ká má jẹ eléyìí láéláé.

Wàyí o, sikéèlì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 97. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, 97 àti ìdajì. Ọ̀sẹ̀ keje, 97. Inú bí mi débi pé mo fi ẹsẹ̀ ta á sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò rìn mọ́. Kò dá mi lóhùn, ó kàn gbé bàtà ìrìn mi sí ibi tí màá ti rí i.

Ohun tó tún ń bí mi nínú láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni ṣòkòtò dúdú mi. Ó ń yọ́ wálẹ̀ ní ojú ọ̀nà, mo ń fi ọwọ́ kan fà á sókè bí ọmọdé. Rọ́bà tí mo rà ni mo dá lẹ́bi. Mo ní àwọn ará ọjà ti ta rọ́bà burúkú fún mi. Mo tú u, mo fi rọ́bà tuntun sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ń yọ́ wálẹ̀. Mo ń tú u lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan, tí mo ń ṣépè fún oní-rọ́bà, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi àgbà wò mí, ó ní jẹ́jẹ́, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Kì í ṣe rọ́bà."

Ó yọ téèpù lọ́rùn mi, ó yí i mọ́ mi níbàdí. Ínṣì 42. Mo ní irọ́ ni, mo gbà á, mo wọ̀n ọ́n fúnra mi. 42. Lórí káàdì tí wọ́n kọ fún mi ní Ìkẹjà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 44 ni. Mo lọ fa sikéèlì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gùn ún, 96 àti ìdajì. Ìdajì kílò. Ọdún kẹrìnlá lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ̀ pé ínṣì méjì ní ìbàdí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, èèyàn á tú gbogbo ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni. Ẹran ara ń wọlé, ọ̀rá ikùn ń jáde, sikéèlì tí kò mọ ìyàtọ̀ ẹran àti ọ̀rá sì ń sọ fún mi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Oṣù kẹta nǹkan oṣù wá. Inú ọjà ni mo wà, ó bá mi lójijì, mi ò múra sílẹ̀ nítorí mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀. Mo ra nǹkan, mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń rẹ́rìn-ín bí wèrè. Èyí tó tẹ̀ lé e gba ọjọ́ 38. Òmíràn, 35.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé rírìn nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀ o. Mò ń lo metformin, oògùn tó ń ran ínsúlínì lọ́wọ́, tó sì fi inú mi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó ní kí n máa fi oúnjẹ lò ó. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rí kan tí kò ṣeé jiyàn fún mi. Iléyá dé, iṣẹ́ aṣọ kún ilẹ̀ dé òrùlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi rìn, oògùn ni mò ń lò déédéé. Oṣù yẹn, nǹkan oṣù kò wá. Ọjọ́ 61 ló tó padà yọjú, lẹ́yìn tí mo ti padà sí etí ọ̀sà. Bóyá àìsùn ni, bóyá wàhálà oníbàárà. Èmi ti mọ ohun tí mo gbàgbọ́. Dókítà kìlọ̀ fún mi lórí ìyẹn pé bí ó bá ju oṣù mẹ́ta lọ láìrí nǹkan oṣù, kí n má jókòó lé e, kí n wá, nítorí inú ilé ọmọ á máa nípọn sí i, ìyẹn sì lè di ohun tó le lẹ́yìn ọ̀la. Èmi tí mo ti lo oṣù márùn-ún láìrí i rí, tí mò ń dúpẹ́ pé mi ò náwó lórí páàdì!

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, wọ́n tún fún mi ní omi ṣúgà mu. 7.2. Mo wà ní kílò 91 báyìí. Dókítà ní bí èèyàn bá dín márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, ó ti lè hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú nǹkan oṣù. Ti èmi, kò tó kílò márùn-ún. Mo ronú kan ọkùnrin tó ní kí n lọ dín méjìlélọ́gbọ̀n kí n tó padà wá. Irùngbọ̀n ṣì wà, ó kàn rọ̀ díẹ̀ ni. Réésà mi kò tíì fẹ̀yìn tì. Ọrùn mi ti ń mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ wá, díẹ̀díẹ̀.

Oníbàárà mi kan wà, ọmọ yunifásítì, ìbàdí ínṣì 26, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Mo ń wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan, mo rí irun ní àgbọ̀n rẹ̀, mo rí bó ṣe fi páńkéèkì bo rorẹ́. Mo béèrè nǹkan oṣù rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní òun ń rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, pé ilé ìwòsàn tí òun lọ ní kò lè jẹ́ PCOS nítorí òun kò sanra. Èmi wọ́n lé nítorí mo sanra, òun wọ́n lé nítorí kò sanra. Mo fún un ní orúkọ kíníìkì Ìkẹjà. Ó lọ, òun náà ni. Ọjọ́ Saturday, a jọ ń rìn báyìí. Òun ló ń yára jù, mo ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé kó ṣe sùúrù fún ìyá àgbà.

Ẹ ó bi mí pé ọmọ ńkọ́. Kò tíì sí. Wọ́n fẹ́ fún mi ní oògùn letrozole tó ń mú ẹyin jáde, oṣù tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀. Àlájà kì í béèrè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù ààwẹ̀ tó kọjá, tí mò ń rìn nírọ̀lẹ́ ṣáájú ìṣínu, wọ́n jáde sí mi ní géètì pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀ àti tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá dókítà mi gba àgbàlagbà. A rìn dé orígun, a padà. Wọ́n ní ó tó fún tòní.

Káyókáyó ti sún mọ́lé. Ẹni tí kì í bá ṣe ará Ẹ̀pẹ́, ọdún tí a fi ń rántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa ní 1851 ni, orúkọ rẹ̀ sì sọ ohun tí a ń ṣe níbẹ̀: kí á jẹ, kí á yó. Ẹgbẹ́ wa ti mú aṣọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti ń sá fún téèpù, mi ò rán bùbú, ṣíkẹ́ẹ̀tì àti búláòsì ni mo fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló wọ̀n mí lánàá, mo dúró gbọnrangandan, mi ò fa ikùn sínú. Ó pe 39 àti ìdajì, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé ṣọ́ọ̀kì.

Mo ní, "Fi ínṣì kan ààbọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì."

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò tún ní padà sanra ni?"

Mo ní kó gé aṣọ, jàre, Káyókáyó ni a ń lọ.